Ẹ má dá dráífà lẹ́bi mọ́: ohùn tó ń sọnù láàárín rédíò ham àti kọ̀ǹpútà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o. A bẹ̀ yín, ẹ fún wa láàyè nínú ojú ìwé lẹ́tà yín, kí á lè sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń jẹ owó àti àkókò àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ rédíò ham, ìyẹn rédíò tí ènìyàn fi ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lójú òfúrufú fún ìfẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣe fún òwò. Bí ètò orí kọ̀ǹpútà wọn bá ti kọ̀ tí kò gba ohùn wọlé mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbọ́ ni pé "dráífà ti bàjẹ́," ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ìyẹn á nu Windows kúrò, á fi òmíràn sí i, á gba owó. Bí wọ́n bá délé tí wọ́n so wáyà, àṣìṣe àná á tún yọjú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú ọ̀ràn báyìí, dráífà kò ṣẹ̀ rárá. Ohun tó ṣẹ̀ wà níbòmíràn lójú ọ̀nà tí ohùn ń gbà, a sì lè rí i láìná kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi FT8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi ohùn ránṣẹ́ kúkúrú lórí rédíò, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló gbòde láàárín àwọn ham báyìí. Steve Franke àti Joe Taylor ló gbé e jáde lọ́dún 2017. Taylor yìí náà wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 1993. WSJT-X ni ètò tí a fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Rédíò á gbọ́ ohùn tín-tìn-tín láti ojú òfúrufú, kọ̀ǹpútà á gba ohùn náà, á sì tú u sí àmì ìdánimọ̀ ibùdó tó ń pè àti àdúgbò tó wà. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ìpín kọ̀ọ̀kan, ohùn tó ń jáde nínú ìpín náà sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 12.64. Lórí 14.074 MHz, ibùdó tí àmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N láti Nàìjíríà, TY láti Benin tàbí 5V láti Togo lè fi wáàtì 20 bá Brazil tàbí Japan ṣe pàṣípààrọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta agbára gílóòbù wáàtì 60 àtijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí ohùn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí ohùn kò bá dé inú ètò náà, kò sí ohun tí áńténà gíga lè ṣe sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyí. Nínú rédíò bíi Icom IC-7300 tàbí Yaesu FT-991A, wáyà USB kan ṣoṣo ló ń ti ẹ̀yìn rédíò lọ sí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹrù méjì ló ń gbé. Ẹrù kìíní ni àṣẹ: yí fríkúẹ́ńsì padà, bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́, dákẹ́. COM port ni àṣẹ ń gbà, òun ló sì nílò dráífà Silicon Labs CP210x, èyí tó yẹ kó ti wà lórí kọ̀ǹpútà kí a tó ki wáyà bọ ihò. Ẹrù kejì ni ohùn. Ohùn máa ń yọjú pẹ̀lú orúkọ USB Audio CODEC, dráífà tí Microsoft ti fi sínú Windows fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e. Kò sí dráífà ohùn kankan tí èèyàn ní láti lọ wá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Nítorí náà, ẹni tó ń yọ CP210x tó tún ń fi í padà nítorí pé kò gbọ́ ohùn, òrùlé pálọ̀ rẹ̀ ló ń jò, ilé ìdáná ló ń tún ṣe.

Ìdánwò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ tan rédíò, ẹ gbé e sí ibi tí ariwo òfúrufú ti ń dún. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ mmsys.cpl, kí ẹ tẹ Enter. Fèrèsé Sound á ṣí. Ẹ lọ sí Recording, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ USB Audio CODEC. Àwọn ìlà kéékèèké aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ariwo ṣe ń dún, ohùn ti dé inú Windows nìyẹn, dráífà ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Ìṣòro náà wà láàárín Windows àti ètò yín. Bí ìlà wọ̀nyí kò bá mira, ẹ padà sẹ́yìn sí wáyà, ihò USB àti ìdiwọ̀n ohùn tó ń jáde láti inú rédíò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ohun tí ètò náà ń sọ kí ẹ tó tẹ OK. Bí ó bá ṣe ti ohùn tó ń wọlé, WSJT-X á kọ Error in Sound Input. Bí ó bá ṣe ti èyí tó ń jáde, á kọ Error in Sound Output. Gbólóhùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, òun gan-an làwọn èèyàn kì í kà. Bí ó bá sọ pé "An error opening the audio input device has occurred," ó rí ẹ̀rọ náà ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí fún un: yálà Windows kò fún un láṣẹ, tàbí ètò mìíràn ti jókòó sórí rẹ̀. Bí ó bá sọ pé "Requested input audio format is not valid," lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ tó wà nínú ìrántí rẹ̀ kò sí mọ́, tàbí ẹ kò tíì yan ẹ̀rọ kankan. "Not supported on device" túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n irú ohùn tí ètò béèrè kọ́ ni ẹ̀rọ náà lè fún un. Bí ẹ bá sì rí "An error occurred during read" tàbí "during write," ohùn ti ń lọ dáadáa tẹ́lẹ̀ kó tó já lójijì. Wáyà, iná USB tàbí ìgbì rédíò tó ń padà wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn ló ń mú ènìyàn jù. Láti ìgbà àtúnṣe Windows 10 ti oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni Microsoft ti fi ilẹ̀kùn sí ẹnu ọ̀nà máìkì fún gbogbo ètò. Lójú Windows, ohùn yòówù tó bá ń wọlé, ohùn máìkì ni, ì báà ti inú rédíò wá. Nínú Windows 10, ẹ lọ sí Settings, Privacy, Microphone; nínú Windows 11, Privacy & security ni orúkọ rẹ̀. Ẹ tan Microphone access, ẹ tan Let apps access your microphone, kí ẹ sì wá yí ojú ìwé náà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Let desktop apps access your microphone wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni WSJT-X àti fldigi, ètò rédíò mìíràn, nílò, òun náà ni ọ̀pọ̀ kì í rí, nítorí pé ó fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ orúkọ àwọn áàpù mìíràn. Lẹ́yìn àtúnṣe ńlá Windows, ẹ padà lọ wò ó. Àwọn ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì kan náà máa ń ti máìkì pa, ẹ yẹ ìyẹn náà wò.

Orúkọ ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yọ wáyà USB kúrò nínú ihò kan tí ẹ sì ki í bọ òmíràn, Windows lè kà á sí ẹ̀rọ tuntun, á sì sọ ọ́ ní 2- USB Audio CODEC, ìgbà mìíràn á di 3-. WSJT-X ṣì ń wá èyí àtijọ́. Kò rí i, ó figbe ta, wọ́n ní dráífà ni. Ihò kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn kí àwọn ará ilé má bàa ki fóònù bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fún ẹ̀rọ náà lórúkọ tiyín. Nínú fèrèsé Sound tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ USB Audio CODEC ní Recording lẹ́ẹ̀mejì. Ní General, àpótí kan wà lókè tí ẹ lè kọ nǹkan sí. Ẹ kọ REDIO-WOLE síbẹ̀. Ní Playback, kí ẹ kọ REDIO-JADE. Láìsí àmì ohùn ni kí ẹ kọ ọ́, kí ó lè rọrùn fún ètò gbogbo láti kà. Ẹ wá ṣí WSJT-X, ẹ tẹ F2, ẹ lọ sí Audio, kí ẹ yan REDIO-WOLE fún Input àti REDIO-JADE fún Output. Ẹ kò ní ṣi sípíkà kọ̀ǹpútà mú fún rédíò mọ́.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ń dá kún èyí. Bí háàbù USB yín (àpótí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) bá ń gba iná láti ara ògiri, tí laptop sì ń lo bátìrì tirẹ̀, nígbàkigbà tí iná bá lọ, ẹ̀rọ ohùn á parẹ́ lójú WSJT-X nígbà tí ètò náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Iná lè dé padà, ẹ̀rọ náà á sì yọjú nínú Windows, ṣùgbọ́n ètò náà lè má bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ pa WSJT-X, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tún un ṣí. Rédíò àti háàbù ni kó máa kọ́kọ́ tàn, ètò ló ń kẹ́yìn. Bí háàbù bá ṣeé yọ kúrò láàárín, ẹ yọ ọ́.

Ní ti irú ohùn, 48000 Hz ni WSJT-X ń béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pín in sí mẹ́rin, kó di 12000, kó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nínú Properties ẹ̀rọ náà, ẹ lọ sí Advanced, kí ẹ yan 16 bit, 48000 Hz, ní Recording àti ní Playback. Bí ó bá wà ní 44100, Windows ní láti máa ṣe ìṣirò ìyípadà, ohùn sì lè wọ́ tàbí kó má wọlé rárá. Níbi tí a ti ń yan ẹ̀rọ nínú WSJT-X, Mono ni kí ẹ fi í sí, pàápàá bí ẹ bá ń lo káàdì ohùn USB kékeré tó máa ń pe ara rẹ̀ ní USB PnP Sound Device. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni máìkì irú èyí ní. Kí ẹ sì pa gbogbo Enhancements. Iṣẹ́ wọn ni láti yọ ariwo kúrò kí ohùn ènìyàn lè yọ, FT8 sì rèé, ariwo ni lójú wọn. Wọ́n á pa á mọ́ ariwo.

Ó tún ku ìjà lórí ẹ̀rọ. Nínú Advanced yẹn náà, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow applications to take exclusive control of this device. Bí àmì yẹn bá wà níbẹ̀, ètò kan lè gba ẹ̀rọ náà mọ́ ara rẹ̀ pátápátá. Zoom àti Teams tó ń sùn lẹ́yìn lè ti di ẹ̀rọ náà mú. Windows sì tún ní ìwà kan: bí ẹ bá ki rédíò bọ USB, ó lè sọ ọ́ di Default Device lójú ẹsẹ̀. Látìgbà náà lọ, ohùn WhatsApp àti orin YouTube yín á máa gba inú rédíò jáde sójú òfúrufú, èyí tí òfin kò fàyè gbà. Sípíkà kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi ṣe Default Device àti Default Communication Device. Ní Communications nínú fèrèsé Sound, kí ẹ yan Do nothing, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Windows lè fa ohùn yín wálẹ̀ nígbà tó bá rò pé ẹ ń gba ìpè.

Èyí tó le jù, tí a sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ kà, ni àṣìṣe tó ń yọjú kìkì nígbà tí ẹ bá ń ránṣẹ́. Gbígbọ́ ń lọ geere. Ẹ tẹ Enable Tx, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́, kò pẹ́ ẹ gbọ́ ohùn Windows méjì tó máa ń dún nígbà tí a bá yọ nǹkan kúrò nínú USB, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan wáyà. Rédíò lè di mọ́ ìránṣẹ́ kó má dákẹ́. Ìgbì láti ara áńténà ló ń gba orí wáyà USB padà wọlé, tó ń da ọ̀rọ̀ tó wà lórí wáyà náà rú. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n dájú kò le: ẹ dín agbára kù sí wáàtì 5. Bí àṣìṣe náà bá lọ, ìgbì ni. Bí ẹ bá ní dummy load óòmù 50, ẹ̀rọ tó ń gba agbára rédíò láìjẹ́ kó jáde sójú òfúrufú, ẹ so ó dípò áńténà, kí ẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú agbára tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró ṣinṣin, kọ̀ǹpútà yín kò ní àrùn kankan.

Ìwòsàn rẹ̀ ni òrùka ferrite, òrùka dúdú tó ń dí ìgbì rédíò lọ́nà lórí wáyà. Fún àwọn fríkúẹ́ńsì HF, ìyẹn 3 sí 30 MHz, irú tí wọ́n ń pè ní mix 31 ló dára jù. FT240-31 ni orúkọ èyí tó tóbi tó láti gba orí wáyà USB kọjá. Ẹ yí wáyà náà po nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje sí mẹ́wàá, nítòsí kọ̀ǹpútà, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí òmíràn wà nítòsí rédíò. Fífi ferrite tí à ń pa dé kan ṣoṣo há wáyà náà láìyí i po kò tó. Kí wáyà USB má gùn ju mítà 2 lọ, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin wẹẹrẹ bò nínú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sídìí áńténà fúnra rẹ̀. Áńténà olórí kan, irú èyí tí à ń na láti fèrèsé sí orí igi ọgbà, máa ń fa ìgbì padà sórí coax, wáyà tó so rédíò mọ́ áńténà, bí kò bá ní choke, ohun tó ń dí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Choke yẹn ni òògùn gbòǹgbò; èyí tó wà lórí USB kàn ń dí ojú ihò ni.

Iná USB náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti rẹ̀ kì í dúró de ìgbà tí ẹ bá ń ránṣẹ́. Bí ohùn bá ń já lẹ́yìn àkókò díẹ̀ tí ẹ kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí Device Manager, ẹ wá gbogbo USB Root Hub, ẹ ṣí Power Management, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device to save power. Ní Power Options, kí ẹ pa USB selective suspend.

Àṣìṣe méjì kan wà tí wọ́n máa ń kà mọ́ ti dráífà, tí kò tilẹ̀ bá ohùn tan. Bí ẹ bá ń rí àwọn ìlà FT8 kedere lórí waterfall, àwòrán ohùn tó ń ṣàn nínú ètò náà, ṣùgbọ́n tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ń jáde, ẹ wo aago kọ̀ǹpútà. Bí ó bá fi ju bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ yàtọ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn. Bí àwọn díẹ̀ bá ń jáde, ẹ wo òpó DT, tó ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀ sí aago yín: bí gbogbo wọn bá ń sọ 1.4, 1.5, 1.6, kì í ṣe gbogbo ayé ló pẹ́, aago yín ni kò bá ti ayé mu. Ẹ so íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ kọ w32tm /resync. Èkejì ni ìdiwọ̀n. Nígbà tí ariwo òfúrufú nìkan ló wà, kí òṣùwọ̀n apá òsì WSJT-X wà ní nǹkan bí 30 dB. Nígbà tí ẹ bá ń ránṣẹ́, ẹ fa ọ̀pá Pwr inú WSJT-X sílẹ̀ títí ALC rédíò, òṣùwọ̀n tó ń fi hàn bí ohùn bá pọ̀ jù, á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira mọ́. Ẹni tó ń lo káàdì ohùn kékeré, tó ń ki ohùn sípíkà rédíò bọ ihò máìkì, ohùn náà ti pọ̀ jù fún un: rẹsítọ̀ óòmù 10,000 lójú ọ̀nà àti óòmù 1,000 sí ilẹ̀ (ground) á dín in kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá.

Ṣé dráífà kì í bàjẹ́ rárá ni? Ó ń bàjẹ́ nígbà mìíràn, Device Manager á sì sọ ọ́ kedere. Àmì ìyanu aláwọ̀ yẹ́lò á wà lára ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà á sì wà nínú Properties rẹ̀. Code 28 ni pé kò sí dráífà. Code 10 ni pé ẹ̀rọ kò lè bẹ̀rẹ̀. Code 43 ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sọ pé nǹkan ń ṣe òun, wáyà burúkú sì lè fa èyí; ẹ pààrọ̀ wáyà ná. Bí ètò kan bá ti fi dráífà tí kò bá a mu sí ẹ̀rọ ohùn náà, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Update driver, Browse my computer, Let me pick from a list, kí ẹ mú USB Audio Device. Windows ti ní in nínú. Bí ó bá jẹ́ wáyà COM olówó pọ́ọ́kú ló ń kọ "PL2303HXA PHASED OUT SINCE 2012," dráífà tuntun ti Prolific ti kọ irú ṣíìpù yẹn sílẹ̀, ẹ wá wáyà mìíràn. A bẹ gbogbo ènìyàn, kí wọ́n jìnnà sí àwọn ètò tó ń pariwo pé àwọn á tún gbogbo dráífà ṣe lẹ́ẹ̀kan; wọ́n lè kó èyí tó dára kúrò, kí wọ́n sì kó fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Àwọn tó ń lo Linux dípò Windows, bí ẹ bá kọ àwọn àṣẹ yìí sí Terminal, arecord -l àti aplay -l á fi ẹ̀rọ tó wà hàn yín, fuser -v /dev/snd/* á sì sọ ètò tó dì í mú. Bí COM ló kọ̀, ẹ fi orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ dialout, kí ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì náà kí ẹ tún wọlé. Kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi 4 ń fẹ́ 5.1 V àti 3 A. Ṣájà fóònù lásán kì í tó o.

Olóòtú, ìbéèrè wa sọ́dọ̀ yín ni pé kí ẹ bá wa tẹ ìdánwò mmsys.cpl yẹn ní lẹ́tà ńlá, níbi tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti lè rí i, kí wọ́n sì ṣe é níwájú oníbàárà kí wọ́n tó dárúkọ iye owó. Bí àyè bá sì wà ní ojú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ yín, a ṣe tán láti kọ̀wé sí i nípa bí a ṣe ń gba ìwé àṣẹ ham lọ́wọ́ NCC àti bí a ṣe ń yí choke áńténà lọ́wọ́.

Àwa òǹkàwé yín tó ń lo rédíò ham,
Ìbàdàn